John Coltrane: Afunfèrè Tí Ó Já Ìdè Òògùn Olóró

Ní oṣù kárùn-ún ọdún 1961, orílẹ̀-èdè wa kò tíì pé ọdún kan tí ó gba òmìnira. Dàhòmì ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù yẹn gan-an, àwọn olórin mélòó kan péjọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú. Fèrè, dùùrù àti ìlù ni ó ń dún níbẹ̀. Ẹni tí ó ni orin náà sọ ọ́ ní Dahomey Dance, èyí tí ó túmọ̀ sí Ijó Dàhòmì.

John Coltrane ni orúkọ ọkùnrin náà. Ènìyàn dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n láti etíkun wa, ní Ouidah àti ní àwọn èbúté mìíràn, ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn dúdú lọ sí oko ẹrú ní òkè òkun.

Ẹni tí ó bá gbọ́ orin náà kò lè mọ̀ pé ní ọdún mẹ́rin péré ṣáájú rẹ̀, Coltrane wà nínú yàrá kan ní ilé ìyá rẹ̀ tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò jẹun, omi nìkan ni ó ń mu. Òògùn olóró ti gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kù díẹ̀ kí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó ṣe kó sínú páńpẹ́ náà àti bí ó ṣe jáde ni ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí.

Ọmọ ilé ìjọsìn

A bí John William Coltrane ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1926 ní Hamlet, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀. Bí ó bá ti dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, a máa ta ohun èlò orin olókùn fún ìgbádùn ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa kọrin, a sì máa tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn. Àlùfáà ni bàbá ìyá rẹ̀, àwọn ènìyàn dúdú agbègbè náà sì bọ̀wọ̀ fún un. Inú ilé bàbá àgbà yìí, ní ìlú High Point, ni John gbé dàgbà.

Ní ìgbà náà, òfin gúúsù Amẹ́ríkà ya ènìyàn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn funfun. Ilé ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀, ibi ìjókòó wọn nínú ọkọ̀ yàtọ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé pàápàá yàtọ̀. Síbẹ̀, ilé tí John wà tòrò. Oúnjẹ wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, orin sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, ilé náà dàrú. Láti ìparí ọdún 1938 títí di oṣù kẹrin ọdún 1939, bàbá àgbà kú, bàbá rẹ̀ kú, ìyá àgbà náà sì kú. Òpó mẹ́ta wó láàrin oṣù díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní láti jáde lọ wá iṣẹ́ kí wọ́n tó rí jẹ.

Ní àkókò ọ̀fọ̀ yìí ni John wọ ẹgbẹ́ afunfèrè kan ní àdúgbò wọn, tí àlùfáà kan ń darí. Ó kọ́kọ́ kọ́ fèrè mìíràn, lẹ́yìn náà ni ó mú sáksófóònù. Fèrè onírin ni sáksófóònù. Ó tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí ìkòkò tábà, ó sì ní ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì tí ìka ń tẹ̀. Igi pẹlẹbẹ kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní ẹnu rẹ̀, òun ni ó ń gbọ̀n tí fèrè fi ń dún. Láti ọjọ́ náà, John kò fi fèrè sílẹ̀ mọ́.

Ó lọ sí Philadelphia

Ní ọdún 1943, nígbà tí ó parí ilé ẹ̀kọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Philadelphia, ìlú ńlá kan ní ìhà àríwá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ń sá fún òfin gúúsù, wọ́n sì ń wá iṣẹ́. Ó ṣe iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ṣúgà, ó sì forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ orin. Ní ọdún 1945, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Hawaii, níbi tí ó ti fun fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ogun. Ó padà wá sí Philadelphia ní ọdún 1946.

Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní ìgbà náà jẹ́rìí pé kì í sinmi. A máa fun fèrè ní òwúrọ̀, a máa fun ún ní ọ̀sán, a sì máa fun ún ní alẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn aládùúgbò fẹ́ sùn, a máa tẹ bọ́tìnnì fèrè náà láì fẹ́ èémí sí i, kí ìka rẹ̀ má baà gbàgbé ọ̀nà. Nígbà mìíràn, oorun a gbé e lọ pẹ̀lú fèrè lọ́wọ́.

Bí òògùn olóró ṣe wọlé

Jáàsì ni irú orin tí ó yàn. Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni ó dá a sílẹ̀. Nínú jáàsì, olórin a mú orin kan tí ó ti wà nílẹ̀, a sì máa fi ọgbọ́n ara rẹ̀ yí i padà lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onírárà wa ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tuntun kún oríkì nígbà tí wọ́n bá rí ojú ẹni tí wọ́n ń kì.

Ní àkókò náà, Charlie Parker ni aṣíwájú àwọn afunfèrè jáàsì. John gbọ́ ọ ní Philadelphia ní oṣù kẹfà ọdún 1945, ẹnu sì yà á. Ṣùgbọ́n Parker ń lo òògùn olóró kan tí ń jẹ́ ẹróìnì. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ olórin rò pé inú òògùn náà ni agbára fèrè rẹ̀ ti ń wá. Parker fúnra rẹ̀ sọ pé irọ́ ni, wọn kò gbọ́. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1955, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ara rẹ̀ ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà tí ó yẹ òkú rẹ̀ wò fi rò pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹróìnì jẹ́. Ìyẹ̀fun ni, oje òdòdó kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn tí ń lò ó a máa pò ó mọ́ omi, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ gún un sínú iṣan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa mú ara fúyẹ́, a sì máa mú ènìyàn gbàgbé ìbànújẹ́. Láìpẹ́, ara kò ní lè ṣe láìsí i mọ́. Bí wákàtí mélòó kan bá kọjá tí ẹni náà kò rí i lò, ara rẹ̀ a máa làágùn, inú a máa run ún, èébì a máa gbé e, eegun a máa ro ó, kò sì ní rí oorun sùn. Nígbà náà, kì í lò ó nítorí ìgbádùn mọ́. Ó ń lò ó kí ara lè rọ̀ ọ́ fún wákàtí díẹ̀ ni. Owó rẹ̀ di ti òògùn. Àkókò rẹ̀ di ti òògùn. Ìlérí tí ó bá ṣe kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1940 ni John kó sínú páńpẹ́ yìí. Ó fi ọtí kún un. Síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń pè é. Ó bá Dizzy Gillespie ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ó bá Johnny Hodges ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ràn ohùn fèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa tòògbé lórí ìjókòó níwájú àwọn èrò. Ní ọdún 1954, Hodges ní kí ó máa lọ. Ìtìjú ńlá ni èyí jẹ́ fún un, nítorí pé láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ fèrè Hodges, tí ó sì fẹ́ dà bí i rẹ̀.

Miles Davis lé e

Ní ọdún 1955, Miles Davis, ògbóǹtarìgì afunfèrè idẹ, pè é sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni John gbé Naima níyàwó. Mùsùlùmí ni Naima. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan, John sì gbà á bí ọmọ tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ Miles Davis gbajúmọ̀ kíákíá. Àwo orin wọn ń tà, àwọn ènìyàn ń tò sí ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ṣeré. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ náà, nǹkan kò gún. John ń lo òògùn, onílù wọn náà ń lò ó. John a máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Aṣọ tí ó ti rún ni a máa wọ̀ jáde. A máa sùn lórí pèpéle nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré lọ́wọ́.

Kò sí ohun tí ó lè fi pamọ́ fún Miles Davis, nítorí pé Miles náà ti lo ẹróìnì rí. Ó ti padà sí oko bàbá rẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, títí òògùn náà fi kúrò lára rẹ̀. Ó mọ àmì rẹ̀, ó sì mọ irọ́ tí àwọn tí ń lò ó máa ń pa. Ó fara dà á fún John títí, ṣùgbọ́n ní ọdún 1957 ó lé e kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ọgbọ̀n ọdún ni John nígbà náà. Ó ní ìyàwó, ó sì ní ọmọ tí ó ń tọ́. Bí ẹni tí ó ti la iná yìí kọjá kò bá lè gbà á sọ́dọ̀ mọ́, ta ni yóò gbà á? Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí i kedere pé òògùn náà yóò gba fèrè lọ́wọ́ òun. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún un láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú ni fèrè náà.

Omi nìkan

Òun àti Naima wà ní ilé ìyá rẹ̀ ní Philadelphia. Ó sọ fún àwọn obìnrin méjèèjì pé òun fẹ́ fi òògùn àti ọtí sílẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò jẹun. Omi ni wọ́n ń gbé fún un. Kò sí dókítà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹni ńlá ṣe ni ó yẹ kí a ṣe. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè kú bí ó bá dá a dúró lójijì láìsí ìtọ́jú. Lónìí, ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà lè ṣọ́ ọ.

John wà nínú yàrá náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ó jẹ ìrora náà tán pátápátá. Ó gbàdúrà. Nígbà tí ó jáde, ó ti já ìdè náà, kò sì padà sí ẹróìnì mọ́ títí ó fi kú. Ní ọdún méje lẹ́yìn náà, ó kọ ọ́ sí ara àwo orin rẹ̀ kan pé ní ọdún 1957, Ọlọ́run fi oore-ọ̀fẹ́ jí òun sí ìgbésí ayé tuntun. Ó ní òun bẹ Ọlọ́run nígbà náà pé kí ó fún òun ní agbára láti fi orin mú inú àwọn ẹlòmíràn dùn.

Ọwọ́ tí kò ṣófo

Ẹni tí ó fi òògùn olóró sílẹ̀ ní ìṣòro kejì. Ọjọ́ gùn. Wákàtí tí ó fi ń wá òògùn tẹ́lẹ̀ ṣófo. Bí kò bá rí ohun fi dí àlàfo náà, òògùn yóò padà wá dí i.

Iṣẹ́ ni John fi dí i. Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún 1957, ó di ọmọ ẹ̀yìn Thelonious Monk, atẹdùùrù kan tí orin rẹ̀ le púpọ̀. Ní àárọ̀, John a lọ sí ilé Monk. Bí Monk bá ṣì ń sùn, John a jí i. Monk a jókòó sídìí dùùrù, a sì tẹ orin kan. John a gbìyànjú láti fi fèrè mú un. Bí kò bá mú un, Monk a tún un tẹ̀, a tún un tẹ̀. Bí ó bá wá dé ibi tí etí nìkan kò lè mú, nígbà náà ni Monk yóò tó mú ìwé orin jáde kí ó fi ojú rí i. Ọgbọ̀n ọdún John ti kọjá, ó ti bá àwọn ẹni ńlá ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kò tijú láti tún jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́.

Ní alẹ́, àwọn méjèèjì a máa ṣeré ní Five Spot, ilé jáàsì kékeré kan ní New York. Láti oṣù keje títí di ìparí ọdún náà, àwọn ènìyàn ń wá gbọ́ wọn. Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ John tẹ́lẹ̀ ni ó rí i pé ohùn fèrè rẹ̀ ti yí padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ó ṣe àwo Blue Train, tí àwọn ènìyàn ṣì ń rà títí di òní.

Nígbà tí ọdún 1958 bẹ̀rẹ̀, Miles Davis tún pè é. Kò fi ti àtẹ̀yìnwá ṣe. Ní ọdún 1959, John wà lára àwọn tí ó ṣe àwo Kind of Blue pẹ̀lú Miles. Àwo náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àwo jáàsì tí ó tà jù lọ ní àgbáyé. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó ṣe orin inú àwo tirẹ̀ tí ń jẹ́ Giant Steps. Orin pẹ̀lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó sọ ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, Naima.

Ìjókòó onílù

Ní ọdún 1960, John dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. McCoy Tyner ń tẹ dùùrù, Elvin Jones ń lu ìlù. Nígbà tí ó yá, Jimmy Garrison dara pọ̀ mọ́ wọn. Òun ni ó ń ta gòjé ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ. Àwo wọn My Favorite Things sọ wọ́n di olókìkí. Orin eré orí ìtàgé ni wọ́n mú, tí àwọn ọmọdé pàápàá mọ̀, wọ́n sì yí i padà di ohun tuntun.

Elvin Jones jẹ́ onílù tí agbára rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ń bá ẹróìnì jà. Ní ọdún 1963, ó ní láti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan nítorí rẹ̀. Kí ni ó yẹ kí olórí ẹgbẹ́ ṣe? Iṣẹ́ wà nílẹ̀, àwọn tí ó pè wọ́n ń retí wọn. John kò lé Elvin. Ó pe onílù mìíràn, Roy Haynes, kí ó bá wọn di ipò náà mú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Elvin padà dé, ó bá ìjókòó rẹ̀ nílẹ̀, ó sì jókòó sí i.

Ọdún 1963 kan náà jẹ́ ọdún ìbànújẹ́ fún àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, àwọn funfun kan tí ó kórìíra ènìyàn dúdú fi bọ́ǹbù sí ilé ìjọsìn kan ní ìlú Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọmọbìnrin mẹ́rin kú. Lẹ́yìn oṣù méjì, John àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe orin kan tí ń jẹ́ Alabama. Fèrè náà ń rọra sunkún bí ẹni tí ń sun rárà òkú, ìlù Elvin sì ń ró lábẹ́ rẹ̀ bí àrá tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Kò yẹ kí a rò pé ohun gbogbo tọ́ ní ìgbésí ayé rẹ̀. Ní ọdún yìí kan náà ni òun àti Naima pínyà, obìnrin tí ó gbé omi fún un ní ọjọ́ ìpọ́njú. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ Alice, tí òun náà jẹ́ atẹdùùrù, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ òògùn kì í ṣe áńgẹ́lì, ènìyàn ni.

Fèrè tí ń sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1964, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni A Love Supreme, ìyẹn Ìfẹ́ Tí Ó Ga Jù Lọ. Ọpẹ́ ni John fi ń dá fún Ọlọ́run tí ó yọ ọ́ nínú ọ̀fìn ọdún 1957. Apá mẹ́rin ni orin náà ní.

Apá kẹrin ni ó yẹ kí àwa Yorùbá fi etí sí jù lọ. John ti kọ àdúrà kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí ara páálí àwo náà. Nígbà tí ó dé apá kẹrin, kò kọrin, kò la ẹnu sọ̀rọ̀. Fèrè ni ó fi sọ àdúrà náà, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá mọ èdè náà kà lè mú páálí yẹn lọ́wọ́, kí ó sì máa fi ojú tẹ̀lé ohun tí fèrè ń wí. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ dùndún rí, tí ó mọ̀ pé ohun èlò lè pe ènìyàn ní orúkọ láìsí ẹnu, kò ní pẹ́ kí ó tó lóye ohun tí John ṣe.

Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ mọ́ lẹ́yìn èyí. John ń wá ohùn tuntun tí ó le, tí kò sì yé gbogbo ènìyàn. McCoy Tyner kúrò ní ìparí ọdún 1965, Elvin Jones náà sì tẹ̀lé e ní ọdún 1966. Àwọn tí ó fẹ́ràn John tẹ́lẹ̀ pàápàá ń ráhùn. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní oṣù keje ọdún 1966, ó lọ ṣeré ní Jàpáàn, ó sì gbàdúrà ní Nagasaki, ní ibi tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ọdún 1945.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Yorùbá

John ní ọ̀rẹ́ kan tí ó súnmọ́ wa. Babátúndé Ọlátúnjí ni, onílù ọmọ Yorùbá, tí wọ́n bí ní Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ní òdìkejì ààlà wa. Ọlátúnjí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1950 láti kàwé, ó sì di ẹni tí ó mú ìlù ilẹ̀ wa dé etí àwọn ará ibẹ̀. Ní ọdún 1962, John ṣe orin kan tí ó pè ní Tunji, láti fi bọ̀wọ̀ fún un.

Ọlátúnjí dá ilé àṣà Áfíríkà kan sílẹ̀ ní Harlem, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní New York, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lè kọ́ ìlù àti ijó. John fi owó ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, ó wá ṣeré níbẹ̀. Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ náà kò ní mọ̀. Ó fun fèrè náà bí ẹni tí ó fẹ́ fi gbogbo èémí rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1967, jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ pa á ní ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá New York. Ẹni ogójì ọdún ni.

Ohun tí ó fi sílẹ̀

Ọdún mẹ́wàá péré ni ó wà láàrin ọjọ́ tí John jáde nínú yàrá ilé ìyá rẹ̀ àti ọjọ́ ikú rẹ̀. Nínú ọdún mẹ́wàá náà ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin tí a fi ń rántí rẹ̀: Blue Train, Giant Steps, Ijó Dàhòmì, Alabama, A Love Supreme. Ká ní ó ti kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957 bí Charlie Parker ti kú, ìwọ̀nba ènìyàn ni ì bá mọ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Àwọn kan a máa sọ pé orin ni ó gbà á là. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni orin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, òògùn sì wọlé bá a níbẹ̀. Orin fún un ní ìdí láti jáde, ó sì fún ọwọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ nígbà tí ó jáde. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ìyá rẹ̀ àti Naima gbé omi wá. Monk gbà á ní akẹ́kọ̀ọ́. Miles tí ó lé e ni ó tún pè é padà.

John kò gbàgbé. Nígbà tí ó kan Elvin Jones, ó fi ìjókòó onílù sílẹ̀ dè é.